Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san: Akọ̀wé tí ó di Olùtọ́jú Owó Àwọn Àgbẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gba Dùgbẹ̀ kọjá kò lè ṣàìrí Cocoa House, ilé alájà 26 tí a parí rẹ̀ ní ọdún 1965. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé náà, orúkọ àwọn olóṣèlú ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ni a fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí owó kòkó tó lè kọ́ ilé, kí ó tó lè rán ọmọ tálákà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1955, ó ti di dandan kí àwọn kan kọ́ àgbẹ̀ bí a ti ń ṣe kòkó tí ayé yóò fẹ́ rà, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ti ń fi owó pamọ́ láìsí ẹ̀tàn. Olóògbé Olóyè Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn.

A gbé ìtàn ayé rẹ̀ jáde fún ẹ̀yin ará nínú Olúwa nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń kan ìjọ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ni ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó àwọn opó, ti àwọn olùkọ́, ti àwọn ọlọ́jà àti ti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó wà níbẹ̀. Irú ènìyàn wo ni ó yẹ kí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́? Ìgbésí ayé Obísẹ̀san dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tí ó lè ya wá lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ẹni tí owó kò tíì dà láàmú rí.

ỌMỌ APẸRIN

A bí Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san ní nǹkan bí ọdún 1889 sí ìdílé Apẹrin ní Ìbàdàn. Orúkọ ìdílé náà ń sọ ìtàn ara rẹ̀, nítorí ọdẹ tí ó ń pa erin ni baba tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní àsìkò tí a bí i, ogun Kírìjì kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn kò tíì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Òyìnbó. Ọdún 1893 ni àdéhùn náà wáyé, ọdún kan náà tí a tú bùdó ogun ká. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ ìdílé jagunjagun. Ní ayé baba rẹ̀, ogun ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni ńlá: ogun ni ó ń mú ẹrú wá, òun ni ó ń mú oyè wá, òun náà ni ó ń kó àwọn ènìyàn jọ yí olórí ká. Ní ayé ọmọ, ogun ti tán. Ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn odi ìlú, àwọn ènìyàn sì ń wá láti ibòmíràn wá dá oko kòkó sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀nà tuntun kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ dá dúró, èyí ni ọ̀nà ìwé.

Ìjọ ni ó ṣí ọ̀nà náà. Láti ọdún 1853 tí Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna ti fi Kúdẹ̀tì ṣe ibùgbé, C.M.S. ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn ní ìwé. Obísẹ̀san jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èso ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ kíkà àti kíkọ, tí ó sì di Kristẹni tí ó mọ ìwé ní àsìkò tí irú wọn kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ ní gbogbo ìlú. Ní ọdún 1914, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn mìíràn, tí I. B. Akínyẹlé tí ó padà di Olúbàdàn wà lára wọn, dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀ láti máa ro ìlọsíwájú ìlú àti láti máa tọ́jú ìtàn rẹ̀.

KÁLÀMÙ ÀTI GBÈSÈ

Obísẹ̀san ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí òwò kòkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí ń ra kòkó fún ilé-iṣẹ́ Òyìnbó. A ní láti ṣàlàyé bí òwò náà ti rí, nítorí ibẹ̀ ni ìdààmú rẹ̀ ti wá. Ilé-iṣẹ́ yóò kó owó fún akọ̀wé kí àsìkò kòkó tó dé. Akọ̀wé yóò pín owó náà fún àwọn alágbàtà. Àwọn alágbàtà yóò gbé e lọ sí oko, wọn yóò fún àgbẹ̀ ní àsansílẹ̀ lórí kòkó tí ó ṣì wà lórí igi. Bí iye owó kòkó bá dúró dáadáa, gbogbo wọn ni yóò jẹ èrè. Bí ó bá já wálẹ̀, tàbí bí alágbàtà kan bá sá lọ, ọrùn akọ̀wé ni gbèsè náà yóò kọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, iye owó kòkó gòkè gan-an títí di ọdún 1920, lẹ́yìn náà ni ó ṣubú lójijì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ni ìṣubú yẹn sọ di ẹdun arinlẹ̀. Obísẹ̀san kò bọ́ nínú gbèsè bọ̀rọ̀. A mọ èyí nítorí pé ó ní àṣà kan tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sínú ìwé, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìwé náà wà títí di òní ní ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì Agbowó, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń lò wọ́n.

Ohun tí ó kọ kò bo ara rẹ̀ láṣìírí. Ó kọ nípa àwọn tí ń sin ín lówó, ó kọ nípa ẹjọ́ ilẹ̀, ó kọ nípa ìtìjú ẹni tí aráyé ń pè ní ọ̀gá ṣùgbọ́n tí kò ní owó lọ́wọ́. Ó bi ara rẹ̀ léèrè àǹfààní tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkà fún ẹni tí kò rí owó kó jọ. Àwa kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìbéèrè náà. Ní ìlú tí a ti ń fi iye ènìyàn tí ó ń jẹun nílé ẹni wọn ọlá ẹni, ìbéèrè ọkùnrin tí ó ń jìyà ni. Àwọn ọmọ wa tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí tí wọn kò rí iṣẹ́ ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà.

KÒKÓ DÁADÁA KÒ NÍ OLÙRÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ wo àgbẹ̀ nínú oko. Kòkó kì í ṣe ohun tí a kàn ń ká tà. Bí a bá ti la èso rẹ̀ tán, a ní láti kó hóró náà jọ, kí a fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, kí a sì máa yí i padà kí ooru lè dé gbogbo rẹ̀. Nínú ooru yìí ni omi ara rẹ̀ ti ń ṣàn dànù, tí ìkorò rẹ̀ ń dínkù, tí adùn tí àwọn Òyìnbó ń wá fún ṣokoléètì sì ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi gbẹ dénú. Bí a bá gé hóró rẹ̀ sí méjì, àwọ̀ rẹ̀ yóò sọ bóyá ẹni tí ó ṣe é ní sùúrù tàbí kò ní.

Ìmọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ìgbàlódé àkókò náà. Ó ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Alágbàtà da kòkó gbígbẹ pọ̀ mọ́ tútù, iye kan náà ni ó sì san fún méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ó bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà kò gba ju ẹni tí ó sá a ní ọjọ́ kejì lọ. Nítorí náà, ìwà ẹ̀tàn gba oko kan. Àwọn kan ń fi omi wọ́n kòkó kí ó lè wúwo, àwọn alágbàtà náà ń lo òṣùwọ̀n èké láti gbẹ̀san, kòkó wa sì di ẹni ẹ̀gàn ní ọjà àgbáyé.

Gbèsè ni ó dè àgbẹ̀ mọ́ ìwà yìí. Ẹni tí ó ti gba àsansílẹ̀ ní ìgbà òjò kò lè yan ẹni tí yóò tà fún nígbà ìkórè. Bí ìṣòro bá dé, ọ̀dọ̀ sọgúndogójì ni yóò sá lọ, ẹni tí ń yá ni ní ogún kí ó lè gba ogójì. Òmíràn fi oko rẹ̀ dógò, òmíràn fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwò kan náà ni ó so àgbẹ̀ àti Obísẹ̀san mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, èkejì ní àárín.

ÌBẸ̀RẸ̀ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ibùjókòó wọn wà ní Moor Plantation, ní apá Àpáta, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ láti máa bo kòkó papọ̀ àti láti máa tà á papọ̀. Ní ọdún 1934, ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, kọ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí Nàìjíríà. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní ọdún 1935. Nígbà tí ó fi di ọdún 1937, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dùn, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ti wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀.

Èrò náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti da owó pọ̀ ṣí ilé ìtajà ní ọdún 1844. Ní Jámánì, Friedrich Raiffeisen, olórí ìlú kan tí ó jẹ́ Kristẹni, dá ẹgbẹ́ ìyánilówó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ nígbà tí ó rí i pé ọrẹ àánú nìkan kò lè tú wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó èlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbin irúgbìn náà sí ní Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí i, nítorí Yorùbá ti ń dá èsúsú, wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ àti àáró, kí Òyìnbó tó dé. Àwọn ènìyàn wa sì fún ohun tuntun náà ní orúkọ tí ó ju ti Òyìnbó lọ. Wọ́n pè é ní alájẹṣẹ́kù: ẹni tí ó jẹ nínú ohun tí ó ní, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Àwọn ẹgbẹ́ oko wọ̀nyí para pọ̀ láti dá àgbájọ ẹgbẹ́ títa kòkó Ìbàdàn sílẹ̀, Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san sì di ààrẹ rẹ̀.

Báwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́? Ẹgbẹ́ oko yóò gba kòkó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì wọ̀n ọ́n ní ojú rẹ̀. Èyí tí kò gbẹ, a ó dá a padà. Èyí tí ó dára, a ó kó o jọ pẹ̀lú ti àwọn yòókù títí yóò fi pọ̀ tó ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà náà ni iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ní abẹ́ ewé bẹ̀rẹ̀ sí mú èrè wá. Nínú owó tí a bá san, ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi díẹ̀ pamọ́. Nínú ìpamọ́ yìí ni a ó ti yá ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní èlé tí kò pa ni. Ìlànà náà béèrè pé kí a ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé, kí ẹni tí kì í ṣe ara wọn sì yẹ ìwé wò lọ́dọọdún.

Ibí yìí ni ìbéèrè Obísẹ̀san ti rí ìdáhùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ni kò mọ̀wé. Kò sí bí ẹgbẹ́ wọn ti lè dúró láìsí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lágbájá mú kòkó báyìí wá, pé ó gba owó báyìí, pé ó kù báyìí fún un. Fún ogún ọdún, ó ti fi ìwé wá owó fún ara rẹ̀, gbèsè ni ó sì bá pàdé. Nígbà tí ó fi ìwé kan náà ṣọ́ owó àwọn ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ẹni tí ó ti jókòó láàrin àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Òyìnbó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ẹ̀tàn ń fi ara pamọ́ sí. Ohun tí ìyà kọ́ ọ ni ó fi sin àwọn ará rẹ̀.

LÁTI OKO DÉ BÁŃKÌ

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá ara wọn ṣe àdéhùn nípa iye tí wọn yóò máa rà á. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà báyìí, kọ̀ láti ta kòkó wọn, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ṣe ìwádìí ní ọdún 1938. Lẹ́yìn náà ni ogun Hitler dé, ìjọba sì gba gbogbo títa kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní àárín gbogbo rúkèrúdò wọ̀nyí, àwọn ẹgbẹ́ náà dúró, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1945, àwọn ẹgbẹ́ títa ohun ọ̀gbìn ní ilẹ̀ wa para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tí yóò máa fi ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 yìí kan náà ni Obísẹ̀san jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó. Ní ọdún 1953, a dá Báńkì Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òun náà sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọkùnrin tí kò rí oorun sùn nígbà kan rí nítorí gbèsè ni àwọn àgbẹ̀ fi ṣe olórí báńkì wọn.

Àwọn ọdún yìí náà ni Ìbàdàn ń jáde kúrò nínú odi àtijọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ní ọdún 1948, tẹlifíṣọ̀n dé ní ọdún 1959, àdúgbò ilé ìgbàlódé sì bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà. Kòkó ni ó san apá ńlá nínú owó ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní àkókò náà. Ọmọ Apẹrin fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó papòdà ní ọdún 1963, ọdún méjì kí a tó parí Cocoa House.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

A kò kọ ìtàn yìí láti sọ Obísẹ̀san di ẹni mímọ́. Ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò gbà wá láàyè. Ó fẹ́ ọlá, ó bá ènìyàn jà lórí ilẹ̀, ó sì mọ adùn ipò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbà ní ìgbẹ̀yìn kò fi í sílẹ̀ fún ìwà rere rẹ̀ nìkan. Ó fi í sí abẹ́ ìlànà: ìwọ̀n tí a ń wọ̀n ní ojúkojú, ìwé tí a ń kà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, àyẹ̀wò tí àjèjì ń ṣe. Ẹ̀kọ́ tí àwa rí kọ́ nìyí: kì í ṣe ẹni tí kò lè ṣubú ni a ń wá kí a tó fi owó ẹgbẹ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà kí a máa yẹ òun wò ni a ń wá.

Báńkì tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ rẹ̀ kò sí mọ́ ní orúkọ yẹn. Ní ọdún 2006, ó darapọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti di Skye Bank; ní ọdún 2018, Polaris Bank rọ́pò èyí náà. Síbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kò kú. Ó wà ní àwọn ilé-ìwé, ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba, ní àwọn ọjà, ó sì wà nínú ìjọ. Nígbà tí Muhammad Yunus ti Bangladesh gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2006 nítorí yíyá àwọn tálákà lówó, àwọn àgbàlagbà tí ó mọ ìtàn Gbẹ́dùn lè sọ pé ohun náà kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀rọ ti yí padà. Lónìí, ọmọ ìjọ ní Challenge tàbí ní Ring Road lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù kí ìsìn tó parí. Sọgúndogójì náà ti wọ inú fóònù, ó ń yá ni lówó ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń fi ìtìjú gba èlé rẹ̀. Fóònù kò lè sọ olè di olóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n kò ti lè ṣe é ní ayé Obísẹ̀san. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó mú kí ìwé owó tètè hàn sí gbogbo ojú, bí àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a rọ àwọn àlùfáà àti àwọn alàgbà wa láti béèrè, kí ọdún yìí tó parí, ìgbà tí a ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìjọ kẹ́yìn sí etí àwọn tí ó ni ín. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé tí wọn kò tíì rí iṣẹ́, kí wọ́n wá ran àwọn akọ̀wé lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé láàrin wọn ni ẹnì kan wà tí ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìwé tí òun kà wúlò fún. Ẹ fún un ní ìwé owó àwọn opó kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ mímọ́ àti ọkàn tí kò kọ àyẹ̀wò. Àmín.